Ẹ Bi Ẹni Tó Ń Kọ Kóòdù Léèrè: Ọmọ Tí Kì Í Sùn Lóru, Ọjọ́ Ọjà àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ta Ayò

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé inú ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lókè òkun. Àwọn kan béèrè nípa iṣẹ́, àwọn kan béèrè ohun tí mo máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí, ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ìyẹn nìkan ni mi ò ní dáhùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.

Àǹtí, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́tàlélógún. Kì í sùn lóru. Ìdí laptop ló máa ń wà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ojú ọ̀sán ló ń sùn. Ó ní kóòdù lòun ń kọ. Ó ra fíríìjì fún mi nígbà Iléyá. Àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní ọmọ Yahoo, èmi ò sì kàwé débi tí mo fi máa mọ ohun tó ń ṣe. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ òótọ́?
*Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Tiyín ni mo kọ́kọ́ mú nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi náà gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Ékòó padà wálé, àbúrò bàbá mi kan pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n jẹ́wọ́ fún òun, òun ò ní sọ fẹ́nì kan. Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà fún un. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé gbogbo èyí lo kọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò mà sí àwòrán kankan níbẹ̀." Látọjọ́ náà ló ti gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí pé kò ṣe é wò rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òru. Àìsùn nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní San Francisco lágbègbè tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà pọ̀ sí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù lọ́dọ̀ wa. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, ó ti di aago mẹ́fà, nítorí àwọn máa ń yí aago wọn padà, àwa kì í yí tiwa. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣíwọ́ láago márùn-ún tiwọn, ààjìn ti jìn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá ń bá irú wọn ṣiṣẹ́ kò lè sùn pẹ̀lú adìyẹ. Ẹ tún fi kún un pé òru ni iná ọba máa ń dúró díẹ̀, òru ni dátà máa ń dínwó, òru sì ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò máa ń panu mọ́.

Ohun mìíràn ni pé kóòdù ní ìtàn. Ohun èlò kan wà tí à ń pè ní Git, Linus Torvalds tó ṣe Linux (ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà) ló ṣe é lọ́dún 2005. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fi iṣẹ́ pamọ́ sínú rẹ̀, ó máa ń kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, ọjọ́, aago, àti ohun tó yí padà. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ojú ewé rẹ̀ fún yín lórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń lo Git ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n tò fún ọdún kan gbáko, ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ á ní àwọ̀ ewé, ọjọ́ tí kò bá ṣe nǹkan kan á ṣófo. Ẹ ò nílò láti kàwé kẹ́ ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ má tíì dá a lẹ́bi, torí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ibi ìpamọ́ tiwọn tí kì í hàn síta.

Ìbéèrè tó lágbára jù lọ́wọ́ tèmi rèé. Ẹ bi í pé: "Orúkọ wo ni àwọn tó ń sanwó fún ọ mọ̀ ọ́ sí?" Kẹ́ ẹ sì máa wo ojú rẹ̀. Ọmọ Yahoo máa ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, á gbé fọ́tò ẹlòmíràn sójú, á di sójà tàbí obìnrin opó. Èmi, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni wọ́n ń pè mí nínú ìpàdé, wọ́n sì máa ń pè é báṣubàṣu. Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí yàrá lọ́jọ́ tó bá ní ìpàdé orí fídíò. Ẹ jókòó síbi tí kámẹ́rà ò ti rí yín, kẹ́ ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín. Bí wọ́n bá pè é lórúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń bi í pé iṣẹ́ àná dé ibo, kò tún sí ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ tún ní kó ṣàlàyé ohun tó ń kọ fún yín ní Yorùbá: ta ló ń lò ó, kí ló ń bá wọn ṣe? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: kó máa mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ àti rìsíìtì laptop náà dání bó bá ń rìnrìn àjò. Àwọn kan wà lójú títì tó jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà, ọ̀daràn ni lójú tiwọn. Ìwé yẹn á gbà á sílẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mu omi tútù yín, Màmá, ẹ jẹ́ kí àdúgbò máa sọ tiwọn.

Mo gbọ́ pé ẹ ṣe áàpù kan tó ń sọ ọjọ́ ọjà. Ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn? Kí ló wá le níbẹ̀?
*Oníṣòwò gaàrí, Orù-Ìjẹ̀bú*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà mọ̀ ọ́n, òótọ́ ni. Oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá kó gaàrí ni ò mọ̀ ọ́n. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri rẹ̀, ọjọ́ méje-méje ló ń kà. Ọjà orúnrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ Ẹtì ni òmíràn, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kó tó tún bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ẹni tí kò bá gbé nítòsí á kàn máa méfò ni, á wá bá ọjà tó ti tú.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é rèé. Láti 1 oṣù kìíní 1970 ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ka ọjọ́ bọ̀. Bí wọ́n bá ka ọjọ́ náà sí òdo, 1 oṣù kìíní 2026 jẹ́ ọjọ́ 20,454. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ó máa jẹ́ 5,113, á ṣẹ́ ku méjì. Ṣẹ́kù yẹn nìkan là ń wá. Ọjà orúnrún kọ̀ọ̀kan ní ṣẹ́kù tirẹ̀, òdo, ení, èjì tàbí ẹ̀ta, kì í sì í yí padà láyé. Ìlú tí ṣẹ́kù tirẹ̀ bá jẹ́ èjì, ó ná ọjà lọ́jọ́ ọdún tuntun 2026 nìyẹn. Ọjà isán ńkọ́? Mẹ́jọ la ó fi pín in dípò mẹ́rin. Oṣù kejì ì báà ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tàbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò kàn wá, torí ọjọ́ là ń kà, a ò ka oṣù.

Ibi méjì ni ẹni tó bá fẹ́ kọ irú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ là ojú rẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ọmọ iléèwé tó bá gbọ́ "ọrún" tó sì kọ márùn-ún sínú kóòdù, ọjà kejì báyìí ni áàpù rẹ̀ á ti máa parọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ agogo. Kíka tí mo sọ yẹn, agogo Greenwich ni wọ́n fi ń kà á, wákàtí kan ni àwa fi ṣáájú wọn. Alájàpá tó bá jí láago méjìlá ààbọ̀ òru láti di ẹrù, tó ṣí áàpù náà, ọjọ́ àná ló máa rí bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sọ fún fóònù pé agogo Èkó ni kó lò. Òru sì ni àwọn èèyàn wa máa ń di ẹrù.

Ìṣirò yẹn ò le, ẹ rí i. Ohun tó le ni mímọ ṣẹ́kù ìlú kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí i kó jọ síbì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu àwọn ìyálọ́jà ló wà. Mo máa ń mú ìwé àti bíìrò, màá jókòó sórí àpótí, màá ra nǹkan kí n tó béèrè nǹkan. Ẹni méjì ni mo máa ń bi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá jọra, màá lọ bi awakọ̀ ní gáréèjì. Mo gba ẹnu awakọ̀ gbọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà, torí tó bá ṣì í kà, epo tirẹ̀ ló jó dànù.

Gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, kò nílò dátà. SQLite ni mo kó o sí, ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, tó ti wà láti ọdún 2000, tó sì ti wà nínú gbogbo fóònù Android kẹ́ ẹ tó rà á. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní Òkè-Àjé ni mo kọ́kọ́ fún lò. Ó ní ó dára, àmọ́ òun ò nílò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ló ń lò ó láti mọ ọjọ́ tí kò yẹ kó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Mi ò ní laptop, fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè kọ́ kóòdù?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè*

O lè kọ́ ọ. Gba Termux, áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn kọ kóòdù lórí fóònù Android, láti orí F-Droid tí wọ́n ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́, kí o fi Python, èdè kóòdù kan, sínú rẹ̀, kí o sì wá kíbọ́ọ̀dù àlòkù kan tí wọ́n ń fi okùn OTG so mọ́ fóònù. Ìka ò lè kọ kóòdù tó pọ̀ lórí gíláàsì. Ẹ̀kọ́ freeCodeCamp, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ CS50 ti Harvard, ọ̀fẹ́ ni, kí o gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì iléèwé yín bá ti dáa. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè kóòdù méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí owó laptop bá dé, má wo bó ṣe ń dán. Wo RAM, àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó má dín ní 8GB. Wo bóyá SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, ló wà nínú rẹ̀. Kí o sì yọ okùn iná rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ jọ jókòó ti bátìrì náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá fẹ́ jókòó, má ra tiẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà la ń kọ orúkọ àwọn ọmọ iléèwé wa sí báyìí, pẹ̀lú àmì ohùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá "Ṣẹ́gun", nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ojú mi ń rí i níbẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà wa ti bàjẹ́ ni?
*Olùkọ́, Ṣàgámù*

Kò bàjẹ́ o, Olùkọ́. Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé nìyí, mo sì lè sọ ọ́ títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Unicode, ìyẹn ìwé ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ó fún lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ó fún é tó ní àmì òkè nìkan ní tirẹ̀, U+00E9. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́, bó ṣe wà nínú Ṣẹ́gun. Kíkàn la máa ń kàn án pọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì lè gbà kàn án: ẹ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì òkè sí i (U+0301); tàbí é ni wọ́n tẹ̀, kí wọ́n tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i (U+0323); tàbí e lásán, tí wọ́n wá fi méjèèjì lé e. Lójú yín àti lójú mi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn ò kọ́, ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo lè fi nǹkan búra pé ẹni tó tẹ ìdajì orúkọ yín, kíbọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ ló lò sí ti ẹni tó tẹ ìdajì kejì.

Fún ẹni tó ń kọ kóòdù, ìwòsàn rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: kó gba gbogbo orúkọ kọjá nínú NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Nínú Python, `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` ni. Kó ṣe é nígbà tó bá ń gba orúkọ wọlé, kó tún ṣe é sí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá nǹkan bá tẹ̀. Èyí tí NFC kò lè wò ni ti àwọn tó ń fi ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan sábẹ́ lẹ́tà (U+0329) dípò àmì tó rí róbótó. Ìyẹn, ọwọ́ la ó fi tún un ṣe.

Fún ẹ̀yin tí kì í kọ kóòdù: ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tẹ orúkọ ní ọ́fíìsì yín lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan náà. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní ọ̀kan fún fóònù. Linux náà ní ọ̀kan nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi òpó kan kún ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, "orúkọ láìlámì": segun, adesola, gbenga. Òpó yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá nǹkan nínú rẹ̀. Orúkọ gidi tó lámì ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ jáde sórí ìwé èsì. Ẹ má tìtorí wàhálà yìí gé àmì orúkọ ọmọ ọlọ́mọ dànù. Mo ti rí iléèwé tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí.

Ẹ ò béèrè o, ṣùgbọ́n ẹ máa tó béèrè: bí kọ̀ǹpútà bá to orúkọ ní A-B-D, ó máa kó gbogbo Gb sáàárín G. Lẹ́tà tó dá dúró ni gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ẹ̀yìn gbogbo G ló sì yẹ kó wà. Ìlànà títò Yorùbá ti wà nínú CLDR, àkójọ ìlànà àwọn èdè tí àwọn Unicode náà ń bójú tó, ẹni tó bá ṣe ètò yín kàn ní láti pè é ni. Ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé tánkì omi yín ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín? Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe ń rí iná tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́?
*Ìpẹru-Rẹ́mọ*

Òótọ́ ni. Ìyá mi ló fà á. Kò fẹ́ràn kí ẹ̀rọ omi máa ṣiṣẹ́ kí tánkì máa dà sí ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó máa ń ké lóhùn tí etí wa kò lè gbọ́, tí á sì dúró kí ohùn náà lu omi kó padà. Ẹ wọn àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìyára ohùn sọ ọ́ di jíjìn. Àwọn ìwé sábà máa ń lo 343 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ìyára ohùn. Ibi tó tutù díẹ̀, ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni ìyẹn wà fún. Nínú ooru tiwa tó ń sún mọ́ 30, ó tó 349. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lóòótọ́, ẹni tó bá ń wọn tánkì ilé lè gbójú fò ó. Èmi ò gbójú fò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò: ẹ má ra irú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní HC-SR04 tó ṣí sílẹ̀, ooru omi á jẹ ẹ́. Ẹ ra JSN-SR04T tí omi kò lè wọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e ga díẹ̀ sókè ibi tí omi máa ń kún dé, torí kò lè rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí 25 sẹ̀ǹtímítà lọ. ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń ka èsì rẹ̀ tó sì ń fi Wi-Fi sọ fún fóònù. Fóólítì 3.3 ni àwọn ẹsẹ̀ ESP32 tí okùn ń wọ̀ ń fẹ́, sẹ́ńsọ̀ náà sì lè fi 5 ránṣẹ́ sí i. Ẹ fi resistor méjì, ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù, pín in kó má báa jó.

Ti iná: bátìrì fóólítì 12 tó jẹ́ 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Tó bá jẹ́ ti olómi, ìdajì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa kú láìpẹ́. 600 ló kù yẹn. Laptop mi ń jẹ nǹkan bí wáàtì 50. Ẹ yọ èyí tí ìńfátà ń jẹ, ó ṣẹ́ ku nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Bátìrì lithium wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n èèyàn lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láìba nǹkan jẹ́. Bátìrì náà ò wà fún áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá fi pulọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ nílé mi, àlejò ni.

Kí lẹ máa ń ṣe bí ẹ ò bá kọ kóòdù?
*Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Ìkẹ́nnẹ́*

Mo máa ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, mo máa ń ta ayò. Kódà, mo ti fi ayò sọ ìsinmi mi di iṣẹ́.

Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ méjìdínláàádọ́ta. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà méjìlá tí wọ́n tò sórí ìlà kan ni. Bí o bá ń gbin ọmọ kiri tí o sì dé ihò ìkẹyìn, o ní láti padà sí ti àkọ́kọ́. Ṣẹ́kù tí mo lò fún ọjọ́ ọjà lókè yẹn náà ló ń ṣe é, méjìlá la kàn fi pín in báyìí. Kó o tó sọ pé jẹ́, òfin ayò ti wà nínú kóòdù tí kò ju ojú ewé kan lọ.

Bí a ṣe lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ta á dáadáa ni ibi tó dùn. O máa ní kó ronú pé: bí mo bá ta ihò yìí, èwo ni ọ̀tá mi máa ta tó máa dùn mí jù? Bó bá ta ìyẹn, èwo ló kù fún mi? Kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ tó o bá fún un. Ìrònú yẹn ló ń jẹ́ minimax. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije Universiteit ní Amsterdam gbé ẹ̀yà ayò tí wọ́n ń pè ní awari, oníhò méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta, wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144 yẹ gbogbo bí ọpọ́n náà ṣe lè rí wò: 889,063,398,406. Èsì wọn ni pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣì, ọ̀mì ni.

Mo sọ èyí fún àwọn bàbá tó ń ta ayò níwájú ilé wa. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn òyìnbó yẹn ò tíì bá òun ta. Mo gbé fóònù fún un kó bá kóòdù mi ta. Ó na kóòdù náà, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní òpè bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí èèyàn. Ó máa ń kó ọmọ jọ sí ihò kan títí á fi di odù, kóòdù mi kì í sì í wo ọ̀nà tó jìn tó láti rí ìgbà tí odù yẹn máa tú sórí rẹ̀. Mo ti fi kún ìgbésẹ̀ tó ń wò. Fóònù wá ń gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó ta. Bàbá yẹn ní òun ò ní sùúrù òpè tó ń ronú. Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀.

Àbúrò, èmi ni akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ọjọ́ orí kan náà. A fẹ́ ṣe áàpù tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ti ilé àti ti Lọ́ńdọ̀nù, á ti máa rí owó oṣooṣù àti owó aṣọ Ojúde Ọba tí wọ́n san. Ẹnì kan ti bù ú lé wa lówó gọbọi. Kí lẹ rí sí i?
*Akápò, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san owó yẹn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tó ń fi kóòdù jẹun sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé Google Sheets kan, ìwé ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ yín.

Ẹ jẹ́ kí owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ní ìlà tirẹ̀: ọjọ́, orúkọ, iye, ohun tó wà fún, ẹni tó gbà á. Ẹ má pa ìlà kankan rẹ́ láé. Bẹ́ ẹ bá ṣì í kọ, ẹ kọ ìlà tuntun tó ń tún un ṣe, kẹ́ ẹ sọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin àti akọ̀wé nìkan ni kó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Àwọn tó kù, kí wọ́n máa wò ó nìkan. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ìtàn ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i, nítorí náà bí ariyanjiyan bá dé, ẹ ṣí ìtàn rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù á rí i ní wákàtí kan náà pẹ̀lú àwọn ará Mọ̀lípà. Àwọn tí kò fẹ́ ṣí ìwé lórí fóònù nínú ẹgbẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn ní ìpàdé.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣe, òun sì ni ọjọ́ tí owó aṣọ gbọ́dọ̀ pé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọdún Hijra ti àwọn Mùsùlùmí tí Iléyá ń tẹ̀ lé sì jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, kò tó ti kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ní 2025, 6 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé "ìparí oṣù kẹta ni owó aṣọ gbọ́dọ̀ pé", kò ní pẹ́ tí ọdún á fi bá yín níbi tí télọ̀ kò tíì gbé abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú Iléyá. Ìwé náà á bá yín ka ọ̀sẹ̀ náà padà bẹ́ ẹ bá ti fi ọjọ́ Iléyá sí i, kẹ́ ẹ sì fi àyè ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ fún oṣù tí wọn ò bá tètè rí.

Ẹ lo ìwé yìí títí ọdún kan á fi yí po. Bó bá wá kù síbì kan, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ nílò áàpù, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà. Ẹni tẹ́ ẹ bá gbé e fún á ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, owó tó bù lé yín lónìí kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́.